Kámẹ́rà 24, tẹlifíṣọ̀n 3: ṣé splitter la máa rà ni?

Ìbéèrè, látọ̀dọ̀ Ará Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ni mo ti ń bójú tó ohun èlò. A fẹ́ fi kámẹ́rà 24 síbẹ̀, irú èyí tó ń gba iná tó sì ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo. NVR, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán gbogbo kámẹ́rà tó sì ń tọ́jú wọn, máa wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbàlejò. Màmá tó ni ilé ẹ̀kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta làwọn fẹ́: ọ̀kan níbi ìgbàlejò, bíi mítà 12 sí NVR, ọ̀kan nínú ọ́fíìsì wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bíi mítà 35, ọ̀kan nínú ilé àwọn mégáàdì lẹ́nu géètì, mítà 130. Oníṣẹ́ tó wá wo ibẹ̀ ní ká ra HDMI splitter kan àti wáyà HDMI gígùn mẹ́ta (wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sójú tẹlifíṣọ̀n), ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé wáyà HDMI ò lè dé géètì láé. Ẹlòmíràn tún ní ká gbàgbé tẹlifíṣọ̀n, ká máa wò ó lórí fóònù. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ọ̀rẹ́ yín sọ òótọ́ lórí ti géètì, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi wáyà sílẹ̀ ná. Ta ni yóò máa wo kí ni? Ẹ dá èyí lóhùn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ tí splitter mọ̀ ni pé kó gba àwòrán kan wọlé, kó pín in jáde bó ṣe rí gẹ́lẹ́ sí ojú méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Ó dà bí gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì: ìwàásù tó ń lọ nínú ilé náà ni àwọn tó wà níta á gbọ́, kò lè wàásù tirẹ̀. Bí ẹni tó wà nídìí NVR bá sọ kámẹ́rà yàrá ìdáná di ńlá kí Màmá lè rí i lókè, géètì ti pòórá lójú mégáàdì nìyẹn. Bí wọ́n bá ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, àwọn òbí tó jókòó níbi ìgbàlejò á máa bá wọn wò ó. Máòsì kan ṣoṣo ló sì wà, ìdí NVR ló wà. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá fẹ́ yí kámẹ́rà padà, àfi kí wọ́n pe ènìyàn lórí fóònù.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Tẹlifíṣọ̀n Full HD ní píksẹ́lì (àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 níbùú, 1080 lóròó. Bí ẹ bá to kámẹ́rà 24 sójú rẹ̀ ní ìlà márùn-ún lọ́nà márùn-ún, ohun tó máa kan kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ò ju 384 sí 216 lọ. Kámẹ́rà tí ẹ fowó gidi rà torí pé ó ń mú ojú ènìyàn jáde kedere, ẹ ti sọ ọ́ di àwòrán tí mégáàdì ò lè fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀ níbi tó jókòó sí. Kámẹ́rà mẹ́rin péré lójú tẹlifíṣọ̀n kan náà, kálukú ti ní 960 sí 540.

Mégáàdì ò nílò ju géètì, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọgbà ẹ̀yìn àti ọ̀nà ilé ìdáná lọ. Ibi ìgbàlejò nílò ẹnu ọ̀nà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá nìkan ló nílò gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú máòsì lọ́wọ́ wọn. Àwòrán mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń wá, splitter ò sì ní ju ẹyọ kan.

* * *

Ẹnì kan dá sí i pé NVR ní ojú HDMI àti ojú VGA (irú ojú àwòrán ti àtijọ́), kí wọ́n gbé HDMI sí ìgbàlejò, kí wọ́n gbé VGA lọ sókè, méjì ti jáde nìyẹn.

Ó kù sọ́wọ́ NVR tí wọ́n bá rà. Lára àwọn tí owó wọn ò pọ̀, ohun kan náà ni ojú méjèèjì ń gbé jáde. Àwọn tó tóbi, pàápàá àwọn tó ń gba kámẹ́rà 32 sókè, ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ́ kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí HDMI máa ṣe tirẹ̀, kí VGA máa ṣe tirẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà gbọ́ lórí èyí. Bóyá Alaba lẹ lọ ni o, bóyá Computer Village ni Ìkẹjà ni o, ẹ ní kí wọ́n tan án níwájú yín, kí wọ́n so tẹlifíṣọ̀n méjì mọ́ ọn, kí wọ́n fi kámẹ́rà tó yàtọ̀ sójú ìkínní àti ìkejì. Bí wọn ò bá lè ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní lè ṣe é nílé yín.

* * *

Ti wáyà HDMI gan-an wá kù. Ẹnì kan fèsì pé mítà 30 lòun ń lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì yọ òun lẹ́nu rí.

Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n irú wáyà wo ni? Wáyà HDMI lásán, tí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú, máa ń ṣe dáadáa dé bíi mítà 10 sí 15 bó bá jẹ́ 1080p, ìyẹn Full HD. Bó bá di 4K, tó mú kedere ju Full HD lọ, wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀: àwòrán á máa ṣẹ́jú, àmì funfun wínníwínní á máa tàn káàkiri ojú rẹ̀, tàbí kó máa lọ kó máa bọ̀. Èyí tó ń dé mítà 30 ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó ń tì í lẹ́yìn, tàbí kó jẹ́ fíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán, ló wà nínú rẹ̀. Irú ìyẹn ní orí, ó ní ìdí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹnu wáyà náà, èyí tó ń lọ sídìí NVR àti èyí tó ń lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bá yí i padà, ẹ ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á sì sọ fún yín pé wáyà ti bàjẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sá fún un jù ni páìpù. Ẹnu HDMI fẹ̀. Páìpù 20mm tí àwọn oníná máa ń rì mọ́ ògiri kì í gbà á, ẹ ò sì lè gé e kí ẹ tún ẹnu rẹ̀ dì bí ẹ ṣe máa ń ṣe RJ45, ìyẹn ẹnu wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí eku bá jẹ ẹ́ lókè àjà, ẹ máa ra òmíràn ni, ẹ máa tún un fà látìbẹ̀rẹ̀.

Mítà 12 tiyín níbi ìgbàlejò, mo fara mọ́ HDMI níbẹ̀. Ẹ ra èyí tó nípọn, ẹ wọ inú ètò NVR, ẹ sọ ohun tó ń gbé jáde di 1920 sí 1080, ẹ má fi sí 4K. Ẹ to kámẹ́rà mẹ́rin síbẹ̀, kó dúró bẹ́ẹ̀.

* * *

Àwọn tó ń sọ pé extender, ìyẹn àpótí kékeré méjì tó ń fi wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Cat6 gbé HDMI láti yàrá kan dé èkejì: òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní HDBaseT, tí LG, Samsung, Sony àti Valens gbé kalẹ̀ ní 2010, lè gbé 1080p dé mítà 100. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ń kọ 50 tàbí 60 sára páálí wọn. Mítà 35 ò lè dí wọn lọ́wọ́, bí wáyà bá jẹ́ wáyà gidi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń lò, kò lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Láti àpótí kan tààrà sí èkejì ni wáyà náà gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n pè mí sí ilé ìkẹ́rùsí kan n'Ìbàdàn nítorí tẹlifíṣọ̀n kan tó dúdú kirikiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́. Ẹni tó ṣe é ti fi ẹnu extender sínú switch (àpótí tó ń so àwọn wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pọ̀) ní ìhà kìíní, ó tún fi ti ìhà kejì sínú switch mìíràn, torí pé RJ45 náà ló rí. Mo yọ wáyà méjèèjì kúrò nínú switch, mo so wọ́n pọ̀ mọ́ra, àwòrán sì yọ lójú ẹsẹ̀.

Irú mìíràn wà tó lè gba inú switch kọjá, tí wọ́n ń pè ní HDMI over IP. Ìyẹn náà ní tirẹ̀. Ó máa ń da àwòrán sí gbogbo ojú switch lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí switch yín bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní IGMP snooping, tó ń darí àwòrán sí ojú tó béèrè fún un nìkan, tí ẹ sì tan án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kámẹ́rà yín á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Èyí tó burú jù nínú extender fún ọ̀ràn tiyín ni pé àwòrán NVR yẹn kan náà ló máa gbé lọ sókè. Ẹ ti náwó, ẹ ò tíì kúrò nídìí splitter.

* * *

Ohun tí mo máa ṣe rèé bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ tèmi. Mo máa gbé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé ìdí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, mo máa wá fi nǹkan tó lè ṣí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ síbẹ̀.

Fún Màmá, kọ̀ǹpútà kékeré kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ ti Hikvision, iVMS-4200 wà lọ́fẹ̀ẹ́; bó bá jẹ́ ti Dahua, SmartPSS Lite náà wà lọ́fẹ̀ẹ́; ètò tí wọ́n fi ń wo kámẹ́rà lórí kọ̀ǹpútà ni méjèèjì. Wọ́n á máa fi máòsì tiwọn yan ohun tó bá wù wọ́n, wọ́n á máa wo àkọsílẹ̀ àná, kò sì ní yí ohunkóhun padà lójú mégáàdì tàbí lójú àlejò. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ní ojú méjì fún mọ́nítọ̀, wọ́n lè gbé fèrèsé kan sí èyí, kí wọ́n gbé òmíràn sí ìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tẹlifíṣọ̀n kejì lókè, ẹ ò ní fa wáyà kankan láti ìdí NVR mọ́.

Fún mégáàdì, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Wọ́n á fi wo bọ́ọ̀lù. Ẹ ra decoder kékeré kan (kì í ṣe ti DStv o, èyí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó sì ń gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n), tàbí NVR kékeré tó ń gba kámẹ́rà mẹ́jọ, láìfi díìsìkì sí i, kí ẹ fi kámẹ́rà mẹ́rin yẹn nìkan sínú rẹ̀. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá yàtọ̀ sí ti kámẹ́rà, ẹ wò ó bóyá àwọn méjèèjì gba ONVIF, èdè àjùmọ̀lò tí Axis, Bosch àti Sony dá sílẹ̀ ní 2008. Àwọn tó mọ ọwọ́ ẹ̀rọ lè lo Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ìkẹrin rẹ̀, tó jáde ní 2019, ní ojú micro HDMI méjì. Ẹ kíyè sí ìkarùn-ún tó jáde ní 2023, torí wọ́n ti yọ ohun tó ń tú H.264 kúrò nínú rẹ̀, H.265 ló kù (ọ̀nà méjì tí kámẹ́rà ń gbà fún àwòrán pọ̀ kó lè kéré ni wọ́n). Bí kámẹ́rà bá ń gbé H.264 wá, ọpọlọ Pi náà ló máa fi gbogbo agbára ṣe é, ó sì máa gbóná.

Nǹkan méjì ló máa ń ba èyí jẹ́ fún àwọn ènìyàn. Ìkínní: kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń gbé àwòrán méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ńlá àti kékeré. Ńlá ni NVR ń tọ́jú sínú díìsìkì. Bí ńlá bá jẹ́ 4 Mbps (ìwọ̀n bí dátà ṣe ń yára kọjá lórí wáyà) fún kámẹ́rà kan, 24 rẹ̀ jẹ́ 96. Ojú switch tó jẹ́ ti 100 ti kún dẹ́nu nìyẹn, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gán. Kékeré, bí ẹ bá fi sí 512 kbps, ìyẹn bí ìdajì Mbps, gbogbo 24 rẹ̀ ò ju bíi 12 Mbps lọ. Nítorí náà, níbi tí kámẹ́rà bá ti pọ̀ lójú kan, kékeré ni kí ẹ ṣí. Tí ẹnì kan bá tẹ ẹyọ kan kó tóbi, nígbà náà ni kó di ńlá. Ojú switch tó ń lọ sídìí NVR sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gígábíìtì, ìyẹn 1000 Mbps.

Ìkejì: ọ̀pọ̀ NVR ló ní ihò PoE, èyí tó ń fún kámẹ́rà níná lórí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí ẹ bá ki kámẹ́rà sínú ihò yẹn, NVR á fún wọn ní àdírẹ́sì tirẹ̀, á sì pa wọ́n mọ́ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Màmá ò ní rí wọn tààrà, àfi kó bẹ NVR. NVR sì ní ìwọ̀n àwòrán tó lè pín jáde fún àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́. Fún ẹni tó fẹ́ wò ó níbi mẹ́ta, switch PoE tó dá dúró ló dáa jù. Kí kámẹ́rà 24 wọ inú rẹ̀, kí NVR náà wọ inú rẹ̀, kí gbogbo wọn lè máa rí ara wọn. Ẹ wo agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ o. Kámẹ́rà 24 ní wọ́ọ̀tì mẹ́jọ mẹ́jọ lálẹ́ jẹ́ 192, ẹ má lọ ra switch tí gbogbo agbára rẹ̀ jẹ́ 120.

* * *

Ẹnì kan béèrè: "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọ̀hún ńkọ́? Dátà mélòó ló máa jẹ lóṣù?"

Kò ní jẹ dátà kankan. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni àwòrán ń rìn, láti kámẹ́rà sí switch, láti switch sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lè yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ wò ó lórí fóònù láti ìta nìkan ni dátà ń wọ̀ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí fóònù rọ́pò tẹlifíṣọ̀n. Dátà lè tán lóru. Bátìrì mégáàdì lè tán lóru. Tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri ń ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá kọjá á rí i.

* * *

Ẹ jẹ́ ká dé géètì. Mítà 130.

Ètò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì orí wáyà bàbà fi òpin sí mítà 100. Àwọn kan ní kí ẹ gbé switch kékeré kan sí àárín ọ̀nà, àwọn kan ní kí ẹ tan bọ́tìnì "extend" tó wà lára àwọn switch PoE kan, pé ó ń dé mítà 250. Bọ́tìnì yẹn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 10 Mbps ló máa ń já ojú náà wálẹ̀ sí. Kámẹ́rà kan lè fara mọ́ ọn. Tẹlifíṣọ̀n tó ń gba kámẹ́rà mẹ́rin, bó bá lọ ṣí ńlá, ó ti dópin. Switch àárín ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ta ló máa fún un níná láàárín pápá ìṣeré? Inú àpótí wo ló máa wà nígbà òjò?

Fíbà ni kí ẹ fà. Owó rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Media converter méjì (àpótí tó ń so fíbà mọ́ wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì), ọ̀kan nídìí switch, ọ̀kan ní ilé mégáàdì, wáyà fíbà tó lè gbé abẹ́ ilẹ̀ láàárín wọn. Jíjìn rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan fún fíbà.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn, òun ló sì ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ síbí: mànàmáná. Bí ẹ bá fi wáyà bàbà so ilé kan mọ́ ilé kejì, àrá tó sán sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ní oṣù Kẹrin á gba orí wáyà yẹn wọlé, á ba switch jẹ́, á ba NVR jẹ́, á sì ba ojú kámẹ́rà méjì mẹ́ta jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ṣí irú switch bẹ́ẹ̀ rí. Ṣe ni ẹ̀yìn ihò tí wáyà ìta wọ̀ dúdú, tí àwọn tó kù sì mọ́ tónítóní. Díńgí ni inú fíbà, kì í gbé iná. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní géètì á dúró ní géètì. Ẹ ṣáà má ra èyí tó ní irin ìfúnlókun nínú, tàbí kẹ̀, kí ẹ gé irin náà kúrò kó má wọ inú àpótí yín.

* * *

Ẹnì kan láti Ìlọrin já wọ inú ọ̀rọ̀: kámẹ́rà òun, irú ti àtijọ́ tó ń lo iná 12 fóòtì (volt), máa ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó kú, bí ilẹ̀ bá mọ́, ó jí. Wọ́n ti pààrọ̀ kámẹ́rà náà, kò yí padà.

Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ lọ sídìí wáyà iná. Lálẹ́ ni iná pupa tó wà lójú kámẹ́rà máa ń tàn, ohun tó ń fà á sì máa ń di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà bàbà tó nípọn tó 0.5mm², tó gùn ní mítà 60, tí kámẹ́rà ń fa ìlàjì ámpì lórí rẹ̀, á gbé bíi 2 fóòtì mì kó tó débẹ̀. 12 di 10. Bí wáyà náà ò bá tún jẹ́ bàbà gidi, á lọ sí ìsàlẹ̀ 9, kámẹ́rà á sì kú. Ẹ fi mítà oníná wọn fóòtì ní ìdí kámẹ́rà lálẹ́, nígbà tí iná ojú rẹ̀ bá wà ní títàn. Ti ọ̀sán ò ní sọ òtítọ́ fún yín.

Ó sì kan ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà, torí wáyà ayédèrú yìí ló kún ọjà. Wọ́n ń pè é ní CCA: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Ó ń gbé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iná PoE ń gbọ̀nà rẹ̀ tiraka, ẹnu rẹ̀ sì máa ń dá nínú RJ45 bí wọ́n bá ti tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ bọ́ awọ ara ìkan nínú àwọn okùn mẹ́jọ náà, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bàbà gidi pupa dénú. Ti ayédèrú, funfun bíi fàdákà á yọ lábẹ́ pupa. Bí ojú yín ò bá gbà á, ẹ fi láítà sí ṣóńṣó rẹ̀: alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, bàbà ń dúró dé 1085°C, nítorí náà ọ̀kan á rọ, á já, èkejì á kàn pọ́n ni. Ẹ gbé páálí rẹ̀ náà wò. Mítà 305 bàbà gidi wúwo lọ́wọ́. Èyí tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kan gbé kiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

* * *

Ọ̀rọ̀ iná, kíákíá. NẸ́PÀ á lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, NẸ́PÀ á tún dé. Nínú gbogbo ìyípadà yìí, NVR á tan ara rẹ̀, kámẹ́rà á tan ara wọn. Kọ̀ǹpútà Màmá ò ní tan ara rẹ̀ àfi bí ẹ bá wọ inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà, lọ sọ fún un pé kó máa tan bí iná bá ti dé. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn á dúró lórí iná pupa, wọ́n á máa retí rìmóòtù. Ẹ yan èyí tó ń tan ara rẹ̀ bí iná bá dé, ẹ dán an wò kí ẹ tó rà á. NVR mìíràn sì tún wà tó jẹ́ pé bó bá tan ṣáájú tẹlifíṣọ̀n, kò ní gbé àwòrán jáde síbẹ̀ títí wọ́n á fi yọ HDMI kí wọ́n tún un kì. UPS kékeré (àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí iná bá lọ) fún NVR àti switch á gba gbogbo èyí kúrò lọ́rùn yín, torí wọn ò ní kú rárá láàárín ìyípadà. Ní ilé mégáàdì, inverter kékeré tó lè gbé tẹlifíṣọ̀n, decoder àti media converter. Ẹ má so wọ́n mọ́ wáyà iná tó ń tan pápá ìṣeré.

* * *

Ẹnì kan ní ohun tí òun fẹ́ ni kí gbogbo kámẹ́rà hàn níbi ìgbàlejò, kí olè lè rí i pé wọ́n ń wo òun.

Mo rí ohun tí wọ́n ń lé. Kí ènìyàn wọlé kó bá ojú ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣe nǹkan sí ẹni tó ní ohun búburú lọ́kàn. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà kan ti tó fún ìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ lẹ ń sọ o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ibùsùn àwọn ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ sí lójú tẹlifíṣọ̀n tí bàbá ẹlòmíràn lè jókòó wò. Òfin ààbò ìwífún ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àwòrán ọmọdé sì wà lára ohun tó ń dáàbò bò. Ẹ kọ pátákó sí ẹnu géètì pé kámẹ́rà wà. Ẹ ṣe ìwọlé ọ̀tọ̀ fún mégáàdì nínú NVR, kó rí mẹ́rin rẹ̀ nìkan, kó má lè wo àkọsílẹ̀, kó má lè pa nǹkan rẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó wá fi kámẹ́rà sí i lẹ́yìn tó bá ti gba owó rẹ̀ lọ.

* * *

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ padà wá: "Ẹ ṣé gan-an. Màmá ti gbà. Àmọ́ owó tó wà nílẹ̀ ò lè ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí la lè kọ́kọ́ ṣe?"

Ohun tó ń wọ ilẹ̀ àti ohun tó ń wọ ògiri. Ẹ gbẹ́ kòtò géètì nísinsìnyí kó tó di àsìkò òjò, ẹ ri páìpù méjì sínú rẹ̀, ẹ fi fíbà sí ọ̀kan, ẹ fi okùn ìfàwáyà lásán sí èkejì. Ẹ má fi wáyà iná NẸ́PÀ sínú páìpù kan náà pẹ̀lú Cat6 níbikíbi nínú ilé. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn kọjá. Láti yàrá NVR sí ọ́fíìsì Màmá, ẹ fa Cat6 méjì dípò ọ̀kan, torí iṣẹ́ fífà ló gbówó ju wáyà lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà sára ìdí méjèèjì wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kì í sínú switch, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé pẹ̀lú ibi tí kámẹ́rà rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn náà, switch, NVR, kámẹ́rà, UPS. Tẹlifíṣọ̀n ìgbàlejò àti ti mégáàdì á tẹ̀lé e. Ti Màmá lè gbẹ̀yìn. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa fi ìyẹn wò ó fún sáà kan.

Ẹ má san owó tó kù fún oníṣẹ́ lọ́sàn-án. Kí ó padà wá ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí iná ojú gbogbo kámẹ́rà bá ti tàn. Ẹ ṣí gbogbo 24, ẹ wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ wá lọ pa iná gbogbo ọgbà láti ìdí mítà, kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì kó ọwọ́ kúrò lára ohun gbogbo. Kí gbogbo yín jókòó. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ padà fúnra wọn, kálukú pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀. Bí ẹyọ kan bá nílò kí ẹnì kan tẹ rìmóòtù tàbí kó yọ wáyà kó tó padà, owó yẹn ò tíì tó san.